Ẹni Tí A Tàn Jẹ, Ǹjẹ́ Ó Jẹ Gbèsè?



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojú-ìwé yìí lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí ó dùn mọ́ mi láti sọ. Ó ju oṣù méjì lọ tí mo ti ń gbé e kiri nínú ọkàn mi, bí kò bá sì ṣe ohun tí ó dé bá ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, bóyá ǹ bá ti gbé e mì títí. Ó jẹ mọ́ àwọn ìkìlọ̀ èké tí ń yọ lójú fóònù, àwọn tí ń sọ fún ènìyàn pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ fóònù rẹ̀, tàbí pé àwọn olè ti ń fojú sí owó rẹ̀ ní báǹkì. Púpọ̀ nínú yín ti rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà dàgbà ju fóònù lọ, òun sì ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: ẹni tí a bá tàn jẹ, ǹjẹ́ ó jẹ ọmọnìkejì rẹ̀ ní gbèsè kan?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni mo jókòó nínú ọ́fíìsì ìjọ, mo ń fi fóònù wá àwòrán tí n óò fi sí iwájú ìwé ètò ìkórè. Lójijì ni fóònù náà gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé fáírọ́ọ̀sì mẹ́rin ti wọlé, pé bí n kò bá tètè wá nǹkan ṣe, gbogbo orúkọ àti àwòrán inú fóònù náà yóò parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n kọ irú fóònù tí mo ń lò gan-an sí i, wọ́n sì kọ Kánò. Aago kan ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn níwájú mi. Mo tẹ ibi tí a ń tẹ̀ láti padà sẹ́yìn, kò padà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Inú fóònù yẹn ni orúkọ gbogbo ọmọ ìjọ wà, inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó ìkórè ọdún mẹ́ta wà. Kí aago náà tó dé ìdajì, mo ti tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Áàpù kan wọlé. Òun náà tún ní òun rí fáírọ́ọ̀sì, ó ní kí n san ₦3,500 kí òun lè pa wọ́n. Mo san án. Àmì àwọ̀ ewé kan yọ, ó ní fóònù mi ti mọ́ tónítóní. Mo tilẹ̀ dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sinmi. Ìpolówó ń yọ lọ́sàn-án, ó ń yọ lóru, dátà tí mo fi ń lo ọ̀sẹ̀ kan kò pé ọjọ́ mẹ́ta mọ́. Ní ọjọ́ Wẹ́sidé mo gbé fóònù náà lọ bá ọmọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe ní ọjà Farm Centre. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi Haúsá sọ fún mi pé kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú fóònù náà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fi owó mi rà á wọlé. Ó yọ áàpù náà kúrò, ó gba ₦1,000 lọ́wọ́ mi. Bí mo ti ń wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Sabon Gari, mo pinnu pé ẹnikẹ́ni kì yóò gbọ́. Èmi akọ̀wé ìjọ, tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n, tí àwọn àgbàlagbà ń gbé fóònù wọn wá bá pé kí n bá àwọn wo ìdí tí kò fi dún! Ta ni n óò sọ ọ́ fún?

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni ó kan ìyá kan nínú ìjọ wa tí ń ta aṣọ ní ọjà Sabon Gari. Ìyá náà ni olórí àjọ fún obìnrin mẹ́rìnlá, òun tìkára rẹ̀ pẹ̀lú wọn, tí olúkúlùkù ń dá ₦10,000 lóṣù. Irú ìkìlọ̀ pupa kan náà ni ó yọ lójú fóònù tirẹ̀, bí ó ti ń wo fídíò lẹ́yìn tí ọjà dákẹ́ lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò dúró lórí áàpù. Ó gbé e lọ sí ojú-ìwé kan tí ó jọ ti báǹkì rẹ̀, àwọ̀ kan náà, àmì kan náà. Wọ́n ní kí ó kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ kí àwọn lè dáàbò bo owó rẹ̀ lọ́wọ́ olè. Ó kọ ọ́. Wọ́n ní kí ó kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Ó kọ ọ́. Báǹkì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, wọ́n ní kí ó kọ ìyẹn pẹ̀lú. Ó kọ ọ́. ₦140,000 lọ, gbogbo owó àjọ oṣù náà, tí ìyá tí ó kàn láti kó o ti fọkàn sí fún owó ìdánwò ọmọ rẹ̀.

Òun náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Odidi ọjọ́ méjì ni ó fi ń wá ibi tí yóò ti yá owó náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí ó dé báǹkì ní ọjọ́ kẹta, wọ́n sọ fún un pé owó náà ti gba inú àkáǹtì mẹ́ta kọjá, wọ́n sì ti gbà á jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá bọ́ sí gbangba ní ọjà, mo wà níbẹ̀. Ẹnìkan ní ojúkòkòrò ni ó fà á. Ẹlòmíràn ní ẹni tí kò mọ̀wé kò yẹ kí ó máa lo irú fóònù bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò sì sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò yẹn yẹ̀ wò, nítorí mo rí i pé ibẹ̀ ni a ti máa ń ṣì í. Ẹ̀tàn oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń fi ìwọra mú ènìyàn. Ẹni tí a sọ fún pé kí ó mú ẹgbẹ̀rún kan wá lónìí kí ó gba mẹ́wàá lọ́la, bí ó bá pàdánù, a lè sọ pé òun náà nawọ́ sí ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ èké kò ṣèlérí èrè kankan. Ohun tí ó ń sọ ni pé èyí tí o ti ní tẹ́lẹ̀ ń lọ, sáré wá gbà á là. Ẹni tí ó sáré láti gba owó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ là, ojúkòkòrò wo ni ó ṣe? Ìtọ́jú ohun tí a fi sí i lọ́wọ́ ni. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́ sí owó náà, ẹ̀rù kì bá tí bà á tó bẹ́ẹ̀.

Nílé, nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bí ẹnikẹ́ni bá kígbe “Iná o!” lóru, kò sí ẹni tí ń bi í pé ta ni ọ́, ta ni ó rán ọ. Gbogbo àdúgbò ni yóò gbé omi jáde, àní àwọn tí kò kí ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun ìní gbogbo wa ni igbe yẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kígbe iná èké kí ó lè rí ilé tí ó ṣófo jà, kì í ṣe ẹrù inú ilé nìkan ni ó kó lọ. Ó kó ohun tí ń mú kí àwọn ènìyàn jáde lọ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ mìíràn tí iná bá sọ ní tòótọ́, àwọn kan yóò yí ara padà lórí ẹní, wọn yóò ní bóyá irọ́ ni. Mo rí èyí lára ìyá wa náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, báǹkì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i ní tòótọ́ pé kí ó wá gba káàdì tuntun. Ó pa á rẹ́ láìkà á tán.

Níti pé àwọn tí kò mọ̀wé nìkan ni a ń tàn báyìí, ẹ ti rí i pé èmi mọ̀wé. Bí ẹ bá sì rò pé èmi nìkan ni, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2008, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń gbèjà àwọn oníbàárà, gbé ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Innovative Marketing lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí irú ìkìlọ̀ èké yìí, tí wọ́n ń fi hàn lórí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ ni wọ́n ti tàn láti ra oògùn fún àrùn tí kò sí. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ ní kí ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀ràn náà kàn san mílíọ̀nù 163 dọ́là. Mílíọ̀nù kan ènìyàn ní ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ti ń lo kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́! A kò lè pe gbogbo wọn ní òmùgọ̀.

Ti ọdún 2014 tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, bí ó ti bà mí nínú jẹ́ tó. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, áàpù kan tí a ń pè ní Virus Shield wà ní ọjà áàpù ti Google, dọ́là 3.99 ni wọ́n ń tà á, ju 10,000 ènìyàn lọ ni ó sì rà á. Nígbà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà tú u wò, wọ́n rí i pé ohun kan ṣoṣo ni ó ń ṣe: bí o bá tẹ̀ ẹ́, àwòrán asà kan yóò yí padà láti orí àmì àìtọ́ sí àmì pé ó tọ́. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Google yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì dá owó àwọn ènìyàn padà. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, mo rántí àmì àwọ̀ ewé tèmi, àti bí mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2019 ẹ̀wẹ̀, AV-Comparatives, ilé ìdánwò kan ní ilẹ̀ Austria, yẹ áàpù 250 wò, àwọn tí ń pe ara wọn ní apáfáírọ́ọ̀sì fún fóònù Android. 80 péré nínú wọn ni ó lè mú ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn áàpù burúkú tí a gbé síwájú wọn. Ìyókù, púpọ̀ nínú wọn kò sàn ju mẹ́gáàdì tí ń sùn lọ.

Báyìí, mo fẹ́ dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Olè yìí ní irin iṣẹ́ méjì. Ẹ̀rù ni ó fi ń wọlé, ìtìjú ni ó fi ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Ẹ̀rù kì í pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ìtìjú ni ó ń bá wa gbé. Òun ni kò jẹ́ kí ìyá wa sáré lọ sí báǹkì ní wákàtí kìn-ín-ní, nígbà tí owó náà lè má tíì jìnnà. Òun náà ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Àwọn àgbà ní kí a má fi ìtìjú kó àrùn, ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo fi ìtìjú mi kó àrùn ran ẹlòmíràn.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé, “Akọ̀wé, owó rẹ ni o pàdánù, ìtìjú rẹ ni. Ta ni o ṣẹ̀?” Mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà lóru. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn-àjò láti ìhín lọ sílé mọ ohun tí àwọn awakọ̀ ń ṣe bí ọkọ̀ wọn bá kú sójú títì. Wọ́n a já ewé, wọ́n a tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ náà títí dé ọ̀nà jíjìn, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà wá kọ lù ú. Awakọ̀ náà kọ́ ni ó mú kí ọkọ̀ kú. Òun gan-an ni ó wà nínú ìyọnu. Síbẹ̀, bí ó bá fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ nínú òkùnkùn tí ó wọ ọkọ̀ mìíràn lọ ilé, tí ẹlòmíràn sì wá kú síbẹ̀, ta ni nínú wa yóò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́? Ewé tí n kò já ni mo ń sọ.

Nítorí náà ni mo ṣe pè é ní gbèsè, n kò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. A kò jẹ̀bi pé a tàn wá. Gbèsè ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a bá ti mọ̀ pé ẹ̀tàn ni, tí a sì mọ̀ pé àwọn mìíràn ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Kò sì dọ́gba lọ́rùn gbogbo ènìyàn. Tèmi wúwo ju ti ìyá náà lọ, nítorí èmi ni àwọn ènìyàn ń gbé fóònù wọn wá bá. Nígbà tí mo dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ mi dà bí ẹni pé mo sọ pé kò sí ewu. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá mọ irú gbèsè yìí. Òfin tí ó lòdì sí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí a ṣe ní ọdún 2015, pàṣẹ pé bí a bá kọ lu kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tàbí ilé-iṣẹ́ kan, kí wọ́n fi tó ẹ̀ka tí ìjọba yàn fún un létí láàárín ọjọ́ méje. Nígbà tí a tún òfin náà ṣe ní ọdún 2024, wọ́n dín in kù sí wákàtí 72. N kò rò pé àwọn aṣòfin ní akọ̀wé ìjọ kan tí ó ra áàpù ₦3,500 lọ́kàn. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ńlá náà ń tijú, wọ́n sì mọ̀ pé bí a bá jẹ́ kí olúkúlùkù fi ojú ọgbẹ́ rẹ̀ pamọ́, olè kan náà yóò jẹ oko gbogbo wa tán.

Bí mo bá ti san gbèsè mi ní ọjọ́ Wẹ́sidé yẹn, kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ohun tí ǹ bá sì ti sọ nìyí. Ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí a ṣí kò lè wo inú fóònù wa láti mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, bí ẹni tí ó dúró lójú títì kò ti lè mọ ohun tí ó wà nínú àpótí yàrá wa. Ohun tí ó lè mọ̀ kéré: irú fóònù tí a fi ṣí i, àti ìlú tí ó ṣeé ṣe kí a wà. Àwọn méjì wọ̀nyí ni ó fi ń ṣe bí aríran. Ó lè mú kí fóònù gbọ̀n, nítorí Chrome lórí Android gba ojú-ìwé láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Aago rẹ̀ kò ka ohunkóhun. Ọmọkùnrin Farm Centre náà fi ọ̀kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, a jókòó tì í títí ó fi dé òdo, kò sì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. N kò mọ ìgbà tí inú mi ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Bí irú rẹ̀ bá yọ, kí a má tẹ ohunkóhun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a má tilẹ̀ tẹ àmì ìpadé tí wọ́n yà síbẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n yà á. Kí a pa dátà, kí a padà sí ojú fóònù, kí a ti Chrome pa látinú àkójọ àwọn áàpù tí ó wà ní ṣíṣí. Bí a bá tún ṣí i, kí a pa ojú-ìwé náà rẹ́. Àwọn kan a máa sọ pé kí o tẹ “Allow” láti fi hàn pé ènìyàn ni ọ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ìwọ ni o fún wọn láyè láti máa fi ìkìlọ̀ èké ránṣẹ́ lójoojúmọ́, àní nígbà tí Chrome wà ní títì. Inú Settings ti Chrome, níbi Site settings, lábẹ́ Notifications, ni a ti ń gba àyè náà padà. Bí áàpù bá ti wọlé, kí a yọ ọ́ nínú Settings fóònù. Bí ó bá kọ̀ tí kò kúrò, ó lè jẹ́ pé a ti fún un ní agbára tí ó ju ti áàpù lásán. Kí a wo ibi tí a kọ Device admin àti Accessibility sí, kí a gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Èyí tí ó bá béèrè Accessibility, ẹ ṣọ́ra fún un gidigidi. Ó lè máa ka ohun tí ó wà lójú fóònù, kí ó sì máa tẹ nǹkan bí ẹni pé ẹ̀yin ni.

Ìkìlọ̀ tòótọ́ ṣì wà, ẹ má sọ pé mo ní kí ẹ di etí. Láti ọdún 2017 ni Google ti fi Play Protect sí orí fóònù Android. Inú Play Store ni a ti lè rí i, òun ni ó sì ń yẹ àwọn áàpù wò. Kì í béèrè owó. Kì í ka aago. Báǹkì pẹ̀lú lè kìlọ̀ fún wa ní tòótọ́, ṣùgbọ́n báǹkì kankan kì yóò béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì, tàbí kí ó ní kí a ka nọ́ńbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ fún òun. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí a pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì wa lójú ẹsẹ̀, kí a ní kí wọ́n dá káàdì náà dúró. Kí a pè wọ́n kí a tó sunkún.

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Mo ti fi èyí tí ó ju ìyẹn lọ kéde nípa àga tí ó sọnù nínú gbọ̀ngàn.

Ó ku àwọn tí ó rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni wí láti ẹ̀yìn tábìlì mi, nítorí ẹ mọ ibi tí mo dúró sí. Ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n ní ìpín nínú gbèsè yìí. Ìtìjú kì í hù fúnra rẹ̀; àwa ni a ń bomi rin ín. Ó sì ń tètè dàgbà láàárín àwa tí a wà ní ìdálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Sabon Gari láàárọ̀, wọn yóò ti gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, pé lágbájá ti sọ owó ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nù. Ẹni tí ó mọ̀ pé bí òun bá lanu a ó fi òun ṣẹ̀sín títí dé ìlú òun, kí ni yóò mú un lanu? Bí a bá fi ọ̀kan ṣe ẹlẹ́yà, a ti kọ́ ogún tí ń wò ó pé kí wọ́n dákẹ́.

Kò pọn dandan kí a sọ gbogbo rẹ̀ o. Iye tí ó wà ní báǹkì ẹni àti orúkọ báǹkì náà kò kan ẹnikẹ́ni. Kí a sọ ohun tí ó yọ, ohun tí a tẹ̀, àti ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìyẹn ti tó ewé ojú ọ̀nà.

Mo ti bi ara mi bóyá mo jẹ nínú ₦140,000 náà. Mo béèrè lọ́wọ́ alàgbà kan tí mo gbẹ́kẹ̀lé. Ó ní rárá, èmi kọ́ ni mo jí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ìyá wa ti ń san owó náà díẹ̀díẹ̀, ó ti san tó ₦60,000 nínú rẹ̀ láti inú èrè aṣọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo fi ₦30,000 sínú àpòòwé, mo gbé e lọ sí ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ Sátidé títí dé ọjọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí mo dákẹ́.

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Akọ̀wé, ìwọ náà?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Ó ti àpòòwé náà padà sí ọwọ́ mi. Ó ní òun kò fẹ́ owó mi, pé ọmọ mi náà ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní ohun tí òun fẹ́ ni kí n wá sí ìsọ̀ òun ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn aláàjọ bá pé, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú àwọn tí ó rẹ́rìn-ín.

Mo lọ. Obìnrin mẹ́sàn-án ni mo bá níbẹ̀, àti ọkùnrin méjì tí ń ta lẹ́ẹ̀sì ní ìsọ̀ kejì. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, mẹ́ta nínú àwọn obìnrin náà ti yọ fóònù wọn jáde, wọ́n ń fi ohun tí ó ń yọ lójú tiwọn hàn mí.